Omi Ọjọ́ Mẹ́ta

Lẹ́yìn yàrá sáyẹ́ǹsì ilé-ìwé girama kan ní ẹ̀bá ìlú Ṣakí, ìkòkò mẹ́ta wà tí ẹnikẹ́ni kì í dé lẹ́nu. Ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ a máa rò pé ọ̀lẹ kan ló ń pọn omi síbẹ̀ tó ń gbàgbé ìdérí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fàsásì tó ni ìkòkò kì í gbàgbé nǹkan. Omi òní ló wà nínú èkíní, omi àná nínú èkejì, omi ìjẹta nínú ẹ̀kẹta. Omi ìjẹta nìkan ló yẹ ẹja.

Àwọn ará ìlú ti sọ ìtàn ẹja Fàsásì títí ó fi wọ́. Àwọn kan ní ẹja méje ni; rárá o, mẹ́fà ni. Àwọn kan ní òkú ẹja ló jí. Òkú ẹja kankan kò jí. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ní iwin ni Tíṣà Olúfẹ́mi tó kọ́kọ́ ni wọ́n. Ta ló rí iwin tí ibà dá dùbúlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko, tó ń bẹ ìyàwó Fàsásì pé kó bá òun se ẹ̀kọ gbígbóná? Ènìyàn ni Tíṣà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ti tó ohun tí à ń gbọ́, kò wá iyọ̀.

Ọmọ àgbẹ̀ ni Fàsásì. Ó ti gbin iṣu ní ọ̀nà Tẹ̀dé fún ọdún mẹ́wàá kí àdá tó ṣá a lọ́rùn ẹsẹ̀, tí kò sì lè dúró pẹ́ lórí ebè mọ́. Lọ́dún 1971 ni wọ́n gbà á sí ilé-ìwé náà láti máa tọ́jú yàrá sáyẹ́ǹsì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó gbálẹ̀, kí ó fọ ìgò, kí ó pọn omi. Kò lè ka ìwé òyìnbó, ṣùgbọ́n bí ó bá to ìgò sórí pẹpẹ, o kò ní rí èyí tó yọrí ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Tàwàkálítù ìyàwó rẹ̀ ń ṣe òrí nílé. Sàrátù, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ti wà nílé ọkọ ní Kìṣí.

Lọ́dún 1977 ni Tíṣà Olúfẹ́mi dé láti Ìsẹ́yìn láti wá kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Nígbà òjò ọdún 1979, ó ní kí Fàsásì mú òun lọ sí ọ̀gọ̀dọ̀ kan tó wà lẹ́bàá oko rẹ̀ àtijọ́. Wọ́n fi aṣọ sẹ́ omi níbẹ̀, wọ́n sì gbé ẹja mẹ́fà bọ̀ nínú kẹ̀rẹ̀gbè, akọ méjì àti abo mẹ́rin. Kò sí èyí tó gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Àwọ̀ ẹrẹ̀ ni ti abo, ṣùgbọ́n ara akọ dà bí aró tí wọ́n wọ́n osùn sí. Tíṣà kó wọn sínú àpótí dígí kan tó ti tẹ́ ẹrẹ̀ ọ̀gọ̀dọ̀ náà sí nísàlẹ̀, tó sì gbé sẹ́bàá fèrèsé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀.

“Bàbá Sàrátù,” Tíṣà wí, “ẹja yìí kì í ṣe ẹja odò. Inú ọ̀gọ̀dọ̀ tí ẹ̀ẹ̀rùn ń gbẹ ni wọ́n ń gbé. Bí omi bá ti gbẹ, gbogbo wọn ló ń kú.”

“Gbogbo wọn? Àwọn wo wá ni à ń rí nígbà òjò?”

“Àwọn ọmọ wọn ni. Wọ́n á ti yé ẹyin sínú ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ á gbẹ, ẹyin kò ní kú. Bí òjò bá rọ̀, ẹyin á pa.”

Fàsásì bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin alákọ̀wé! Ọmọ tí kò mọ bàbá, bàbá tí kò mọ ọmọ!”

“Ẹ máa rẹ́rìn-ín o. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fọ àpótí yìí, ẹ má ṣe da ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ nù láéláé.”

Báyìí ni ẹ̀kọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀. Omi ẹ̀rọ kò dára, nítorí oògùn tí ìjọba fi ń pa kòkòrò inú rẹ̀. Àfi kí ó kọ́kọ́ jókòó fún ọjọ́ mẹ́ta láìdé, kí oògùn náà bá afẹ́fẹ́ lọ. Omi tí wọ́n ju álọ́ọ̀mù sí, bí gbogbo ilé ní Ṣakí ti ń ṣe sí omi odò kí ó lè tòrò, ikú ni. Ọwọ́ tó kan ọṣẹ kò gbọdọ̀ wọ inú àpótí. Ọwọ́ tó kan òrí kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ rárá, bí ọyẹ́ tilẹ̀ ń pa ènìyàn lára. Bí a bá pààrọ̀ omi, ìdá kan nínú mẹ́ta ni, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Oúnjẹ wọn ni tanwíjí, ìwọ̀nba tí wọ́n lè jẹ tán kí ènìyàn tó ka ọgọ́rùn-ún.

“Yàtọ̀ sí tanwíjí,” Tíṣà a máa wí, “ohun kan ṣoṣo tó gbọdọ̀ wọ inú omi yìí ni omi.”

Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ó máa ń fún wọn lóúnjẹ. Yóò jókòó sórí àga rẹ̀, yóò fi ìdí bíró kan igun dígí lẹ́ẹ̀mẹta, kó, kó, kó, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á sì wọ́ wá sí igun náà bí ọmọ ilé kéú tó gbọ́ pé sàárà dé.

Ní oṣù kejìlá, lẹ́yìn tí ilé-ìwé ti padé, Tíṣà wá bá Fàsásì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. “Màmá mi ní òun fẹ́ rí mi. Ọjọ́ Jímọ̀ ni n ó padà. Ẹ bá mi tọ́jú wọn títí n ó fi dé.”

“Ó dìgbà tí ẹ bá dé, Tíṣà. Ọwọ́ mi ni wọ́n wà.”

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, Fàsásì wà nínú yàrá ìkẹ́rùsí tó so mọ́ yàrá sáyẹ́ǹsì, ó ń fi ṣíbí kó tanwíjí sínú ife. Ó gbọ́ kó, kó, kó lára dígí. Inú rẹ̀ dùn. “Ẹ káàbọ̀, Tíṣà!” ó pariwo. “Ìsẹ́yìn ńkọ́? Màmá ńkọ́?” Kò gbọ́ èsì. Ó jáde. Àga ṣófo, ilẹ̀kùn tó fi kọ́kọ́rọ́ tì wà bó ṣe tì í. Àwọn ẹja mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti kóra jọ sí igun wọn, wọ́n kọjú sí àga.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ni ìròyìn dé pé ọkọ̀ tí Tíṣà wọ̀ bọ̀ láti Ìsẹ́yìn ti já sí kòtò, ó sì ti kú. Fàsásì kò béèrè ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó mú ìròyìn wá ló sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé aago mẹ́rin ti fẹ́ẹ́ lù.

Láti ọjọ́ náà, Fàsásì kò fi nǹkankan kan dígí. Bí ó bá fẹ́ fún wọn lóúnjẹ, á rọra da tanwíjí sí i ní àárọ̀, láìsọ̀rọ̀. Síbẹ̀, bí aago mẹ́rin bá lù, ẹja á lọ sí igun. Ní ọjọ́ mìíràn á gbọ́ kó, kó, kó náà, ní ọjọ́ mìíràn kò ní gbọ́. Èyí tí kò gbọ́ ló burú jù, nítorí etí rẹ̀ á máa dúró de ìró náà títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Ràsáàkì ọlọ́dẹ ilé-ìwé a máa yọjú láti ojú fèrèsé. “Bàbá Ẹlẹ́ja! Ẹni tó ni ẹja ti lọ. Ẹ jẹ́ ká wá ata.”

“Ọ̀jẹun! Gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò tó òkèlè kan.”

“A ó kàn fi wọ́n han òkèlè ni.”

Nílé, Tàwàkálítù rí i pé ọkọ òun kì í jẹun yó mọ́, ó sì ń kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ káàbọ̀. “Bàbá Sàrátù, ẹ lọ rí Alfa,” ó wí. “Bí ẹ kò bá lọ, èmi á gbé òrí mi sílẹ̀, èmi á lọ jókòó ti ẹja yẹn, kí ẹni tó ń kan dígí wá bá obìnrin níbẹ̀.”

Fàsásì lọ bá Alfa Ràmọ́nì lẹ́yìn ìrun àárọ̀.

“Alfa, bí ènìyàn bá fi ohun ìní rẹ̀ síni lọ́wọ́ ní àmánà, tó ní òun ń bọ̀, tí kò wá dé mọ́ ńkọ́?”

“Àmánà kì í bá ẹni tó ni ín kú,” Alfa dáhùn. “Ẹbí rẹ̀ ló kàn. Tọ́jú rẹ̀ títí á fi dé ọwọ́ wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn á bi ọ́ ní ọ̀run.”

Nígbà tí Fàsásì sọ ti ìró náà, Alfa kò rẹ́rìn-ín. Ó fi tàdáà, yíǹkì àwọn Alfa, kọ àyà Kùránì kan sí ara wàláà, pátákó ìkéú rẹ̀, ó fi omi fọ̀ ọ́, ó bu oyin díẹ̀ sí i, ó sì rọ omi ọ̀rọ̀ náà, tí wọ́n ń pè ní hàntú, sínú ìgò. “Mu ún ní àárọ̀ mẹ́ta, ọkàn rẹ á balẹ̀.”

Ó mu ún ní àárọ̀ kìíní, ó mu ún ní ìkejì. Ní ọjọ́ kejì yìí, ọyẹ́ oṣù kìíní mú débi pé omi inú ìkòkò dà bí omi yìnyín. Nígbà tó wọ yàrá sáyẹ́ǹsì, ó rí i pé àwọn ẹja ti ká lẹbẹ wọn mọ́ra, wọ́n sì ń gbọ̀n. Nǹkan funfun kan ti wọ́n sí wọn lára bí ìyẹ̀fun. Ó fi ògbólógbòó aṣọ ìró Tàwàkálítù yí àpótí náà ká, ó tan àtùpà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Títí di ọ̀sán, kò yí padà. Akọ kan ti ń fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

Ìgò hàntú wà nínú àpò agbádá rẹ̀. Fàsásì yọ ọ́ jáde, ó wò ó. Ó rántí ohun tí Tíṣà sọ, pé omi nìkan ló gbọdọ̀ wọ inú omi. Kì í ṣe pé ó gbàgbé. Ohun tó rò ni pé bí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run bá lè wo ènìyàn sàn, kí wá ni ti ẹja? Ó wọn ìdérí ìgò mẹ́ta, ó dà á sí i. Tàdáà náà rá sínú omi bí èéfín, ó rọra ń sọ̀ kalẹ̀ sórí wọn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, gbogbo wọn ti kú. Wọn kò fọ́n káàkiri bí òkú ẹja ti í ṣe. Igun yẹn ni àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà, wọ́n kọjú sí àga.

“Fàsásì!” Alfa Ràmọ́nì dìde dúró nígbà tó gbọ́. “Ṣé mo ní kí o fi wẹ ẹja ni? Tàdáà wà níbẹ̀, oyin wà níbẹ̀. Ìwọ ni mo fún, ìwọ tó lè tu ú dànù bó bá korò! Ẹja á tu tirẹ̀ dànù síbo?”

“Mo ti pa àmánà, Alfa.”

Alfa padà jókòó.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kó, kó, kó dún lára àpótí tí kò sí ẹja nínú rẹ̀. Fàsásì jókòó sílẹ̀ nínú yàrá ìkẹ́rùsí, ó di etí rẹ̀ méjèèjì. Inú òkùnkùn etí dídì yẹn ló ti gbọ́ ohùn Tíṣà ketekete, bó ṣe sọ ọ́ nígbà òjò: ẹ má ṣe da ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ nù láéláé.

Ó rọra gbọ́n omi kúrò. Ẹrẹ̀ tó kù nísàlẹ̀ kò ju ẹ̀kúnwọ́ mẹ́rin lọ. Ó tẹ́ ẹ sórí àtẹ níbi tí oòrùn kò dé, títí ó fi rí bí áṣáà tó rin díẹ̀. Ó dì í sínú ọ̀rá, ó so ó rọ̀ sí àjà yàrá ìkẹ́rùsí. Láti ọjọ́ tó ti so ó rọ̀, ìró náà dákẹ́.

Ní oṣù kejì, ọ̀gá àgbà ilé-ìwé pè é. Ìyá Tíṣà ti kọ̀wé pé òun á wá kó ẹrù ọmọ òun ní oṣù kẹfà, bí ara bá ti le díẹ̀. “Ìwọ lo mọ yàrá rẹ̀,” ọ̀gá wí, ó mú bíró. “Kí ni gbogbo ohun tó ní?”

“Aṣọ, sà. Ìwé. Bẹ́ẹ̀dì kan, redíò kan.” Fàsásì wo bíró bó ṣe ń kọ ọ́. “Àti ẹja mẹ́fà.”

Ọ̀gá kọ ọ́ sínú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Tàwàkálítù gbọ́, ó lu àtẹ́lẹwọ́. “Ẹja mẹ́fà dà? Bàbá Sàrátù, ẹ fi irọ́ ránṣẹ́ sí ìyá olóòkú!”

“Oṣù kẹfà kò tíì dé,” ni gbogbo èsì tó ní.

Ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, bí ó bá gbálẹ̀ yàrá ìkẹ́rùsí tán, á gbójú sókè wo ọ̀rá náà. Ẹrẹ̀ ni. Kò mira. Á rọra fi ọwọ́ kan ìdí rẹ̀ bí ẹni ń yẹ aboyún wò, á sì tún ka ọjọ́.

Òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀ ní oṣù kẹrin. Fàsásì gbé ìkòkò síta láti gbà á, ó sì fi omi náà sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò kò ní oògùn nínú. Ó tú ẹrẹ̀ sínú àpótí, ó da omi lé e. Ọjọ́ kìíní, omi náà rú. Ọjọ́ kejì, ó tòrò, kò sí nǹkan níbẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó fojú mọ́ dígí, ó rí ojú méjì tó ń wo òun padà.

Ojú nìkan ló kọ́kọ́ rí, kò rí ara. Ọmọ ẹja náà fẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Ó tún rí òmíràn, ó tún rí òmíràn. Mọ́kànlá ni wọ́n. Ó rẹ ewé gbígbẹ sínú ìkòkò kí omi rẹ̀ lè ní kòkòrò tí ojú kò rí, ó ń fi èyí bọ́ wọn títí ẹnu wọn fi gba tanwíjí kéékèèké. Ìkan kú, òmíràn kú. Nígbà tí oṣù kẹfà dé, mẹ́fà ló kù, akọ méjì, abo mẹ́rin. Ràsáàkì náà kà wọ́n, ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kò sì dárúkọ ata mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ìyá Tíṣà dé ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Àríyọ̀ lorúkọ rẹ̀. Obìnrin kúkúrú ni, ẹni tó ti ń ran òwú fún àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn láti ìgbà èwe, tí àtàǹpàkò rẹ̀ sì ti tẹ̀ nítorí ìrànwú. Ó ti kó aṣọ àti ìwé tán kí ó tó wọ yàrá sáyẹ́ǹsì. Ó jókòó sórí àga ọmọ rẹ̀ láìbéèrè ẹni tó ni ín.

“Àwọn yìí ni ẹja tó fi sílẹ̀?”

Fàsásì kúnlẹ̀. Àgbàlagbà ni òun náà, ẹsẹ̀ sì ń dùn ún, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀. “Màmá, ẹ má bínú. Kì í ṣe àwọn yìí. Èmi ni mo pa àwọn tó fi sílẹ̀. Mo fi oògùn ènìyàn fún wọn. Ọmọ wọn lẹ̀ ń wò yìí. Inú ẹrẹ̀ ni mo ti rí wọn, bí Tíṣà ṣe kọ́ mi.”

Obìnrin náà wo inú omi pẹ́. “Ọmọ wọn. Ṣé wọ́n mọ Olúfẹ́mi?”

“Wọn kò mọ̀ ọ́n rí, Màmá. Ó ti kú kí ẹyin wọn tó pa.”

Ó mi orí. Ó ní kí Fàsásì dìde. Aago mẹ́rin ti fẹ́ẹ́ lù. Fàsásì wọ yàrá ìkẹ́rùsí lọ bu tanwíjí, kí ó má baà sunkún níwájú rẹ̀.

Kó, kó, kó.

Ife bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jáde. Ìyá Tíṣà jókòó bó ṣe fi í sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìborùn mú lórí itan. Àwọn ẹja mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti kóra jọ sí igun, igun tí ẹnikẹ́ni kò pè wọ́n sí rí, wọ́n kọjú sí àga.

“Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ kan dígí?”

“Èmi? Mo ti rò pé ìwọ ni.” Kò mú ojú kúrò lára ẹja. “Bẹ́ẹ̀ ló máa ń kan ilẹ̀kùn yàrá mi láti kékeré. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Kì í wọlé bí n kò bá dáhùn.”

Òjò kan ń kù bọ̀ láti apá Òkákà. Ìyá náà gbójú sókè sí ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni.

“Wọlé, Fẹ́mi,” ó wí. “Wọlé, ọmọ mi. Bàbá Sàrátù ti jíṣẹ́ rẹ.”

Ó kọ̀, kò gbé ẹja lọ sí Ìsẹ́yìn. Ó ní omi ibẹ̀ kò mọ̀ wọ́n. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Fàsásì gbé wọn sínú kẹ̀rẹ̀gbè, ó mú ìyá náà lọ sí ọ̀gọ̀dọ̀ ọ̀nà Tẹ̀dé, ìyá Tíṣà sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ da àmánà padà sínú omi. Àwọn ẹja náà wọ abẹ́ ewé lọ láìwẹ̀yìn.

Fàsásì kò gbọ́ ìró náà mọ́. Ohun tí àwọn ará ìlú kò mọ̀ nìyí, nítorí wọ́n rò pé ìró ló dẹ́rù bà á. Ìdákẹ́jẹ́ ló dẹ́rù bà á. Títí ó fi fẹ̀yìn tì ní ọdún 1986 ló ń pọn omi sínú ìkòkò mẹ́ta náà, òní, àná, ìjẹta, tó sì ń pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́ta omi inú àpótí tí ẹja kò sí. Ọ̀gá àgbà tuntun kan bi í ní ọjọ́ kan pé kí ni ó ń tọ́jú níbẹ̀.

“Omi ni, sà,” ó dáhùn, ó sì lọ jókòó sí yàrá ìkẹ́rùsí, ó tẹ́tí sílẹ̀, nítorí aago mẹ́rin ti kù díẹ̀ kó lù.